Yanrìn méjì, asẹ́ méjì: èyí tí mo máa tún rà àti èyí tí mi ò ní rà mọ́

Oṣù mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń tọ́jú táǹkì omi iyọ̀ mi. 200 lítà ni, ẹja méjì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú iyùn ààyè díẹ̀. Yanrìn oríṣi méjì ni mo ti dà sínú rẹ̀, asẹ́ méjì ni mo sì ti so mọ́ ọn. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì péré ni mo máa sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kó rà.

Aragonite ni yanrìn méjèèjì, èròjà kan náà tí iyùn fi ń kọ́ egungun ara rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kúnná bíi ṣúgà. Ó funfun, ó ń dán, ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. Mo dà á sílẹ̀, mo tan ẹ̀rọ tó ń ru omi, ni gbogbo rẹ̀ bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi rí òkúta inú táǹkì. Nígbà tí omi wá mọ́, gíláàsì ìsàlẹ̀ ti hàn ketekete ní igun ọ̀tún, yanrìn sì ti di òkìtì ní igun òsì. Mo yí ojú ẹ̀rọ sókè, mo dín agbára rẹ̀ kù. Yanrìn jókòó lóòótọ́, àmọ́ inú iyùn ò dùn sí i. Iyùn ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi wá oúnjẹ. Omi ló ń gbé e wá bá a, omi náà ló ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀rọ mi báyìí ń yí omi táǹkì po ní nǹkan bí ìgbà 20 láàárín wákàtí kan, yanrìn tó bá fẹ́ bá a gbé gbọ́dọ̀ wúwo díẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí hóró rẹ̀ tó mìlímítà 1 sí 2, ni mo fọwọ́ sí. Ó wúwo tó láti dúró, ó sì rọ̀ tó fún àwọn ìṣáwùrú nassarius mi láti wọlé sínú rẹ̀. Ní ọ̀sán, ẹ ò ní rí ọ̀kankan nínú wọn, àfi imú gígùn wọn tó yọ sókè bí okùn kékeré, tó ń mì lọ mì bọ̀. Bí oúnjẹ bá kan omi báyìí, yanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í mì níbí, á mì lọ́hùn-ún, gbogbo wọn á sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lè jókòó wò wọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Sẹ̀ǹtímítà 3 ni mo tẹ́ ẹ ga mọ. Òkúta ni mo kọ́kọ́ gbé lé gíláàsì kí n tó dà á yí wọn ká, torí òkúta tó bá jókòó lórí yanrìn lè yẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń gbẹ́ ìdí rẹ̀. Èyí tí hóró rẹ̀ tóbi bí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ má dé ìdí rẹ̀. Ìdọ̀tí máa ń há sí àárín rẹ̀.

Ohun kan dùn mí lára àpò yanrìn yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé yanrìn náà á máa di pH (òdiwọ̀n ásíìdì inú omi) mú ní 8.2. Mo gbà á gbọ́, mi ò wọn alkalinity (agbára omi láti má jẹ́ kí pH já, dKH ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó ti já dé 6.2 dKH kí n tó mọ̀, Euphyllia mi, oríṣi iyùn kan, ò sì na ọwọ́ jáde mọ́. Aragonite kì í yọ́ nínú omi òkun tí pH rẹ̀ wà ní 8. Ó dìgbà tí pH bá já wálẹ̀ gan-an, iyùn á sì ti máa jìyà nígbà yẹn. Ẹ wọn omi yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Láàárín 8 sí 9 dKH ni èmi ń di alkalinity mú.

Ó wá kan asẹ́. Àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tó dà bíi korobá onídèérí, tó ń dúró sábẹ́ táǹkì, tó ní kànìnkànìn àti òrùka seramíìkì nínú. Kì í pariwo, kò sì jò rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ò rí, ọwọ́ kì í yá láti fọ̀ ọ́. Lóṣù kejì, nitrate (ohun tí ìdọ̀tí ẹja ń dà nígbẹ̀yìn) ti dé 50. Mo ṣí ìdérí, ẹrọ̀fọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń rùn ni mo bá, oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja tó ti jẹrà sínú kànìnkànìn. Ẹni tó bá lè fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lè lò ó. Èmi ò lè ṣe é.

Skimmer ni mo fi rọ́pò rẹ̀, àmọ́ mi ò sáré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yọ òrùka wọ̀nyẹn, tí bakitéríà ń gbé inú wọn, díẹ̀díẹ̀, kí bakitéríà tó wà nínú kílò 20 òkúta mi lè gba iṣẹ́ náà. Bakitéríà wọ̀nyí gan-an ni asẹ́: wọ́n ń sọ amóníà, májèlé tó ń ti ara ẹja jáde, di nitrite, wọ́n ń sọ nitrite di nitrate. Skimmer kàn ń kó ìdọ̀tí kúrò kó tó jẹrà dé ọ̀dọ̀ wọn ni. Ó ń gé afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú omi, ọ̀rá àti puròtéènì á lẹ̀ mọ́ ọn, ìfófòó á gun òkè, á sì dà sínú ife.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Nígbà míì ife á gbẹ, nígbà míì á kún fún omi lásán. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo jí bá omi dúdú bíi tíì tó pọ́n jù nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ ò ṣeé gbọ́, inú mi sì dùn dé ìdí. Nitrate ti wà ní 8 báyìí. Àbùkù rẹ̀ ni pé omi ibi tó dúró sí gbọ́dọ̀ ga bákan náà nígbà gbogbo. Bí omi bá fà, iṣẹ́ rẹ̀ á dàrú, torí náà àràárọ̀ ni mo ń bu omi tí kò níyọ̀ kún un.

Bí táǹkì yín ò bá tó 80 lítà, ẹ fi owó skimmer pamọ́. Òkúta tó dára, yanrìn ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, àti pípààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ á tó o.