Bàbá tó jí ṣéènsọ́ọ̀ mi tó nọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mejì, lójú ọ̀nà Ẹ̀jìnrìn, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ṣéènsọ́ọ̀, ẹ́ńjìnnì ìgégi, jẹun, ẹ̀yin agégẹdú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóko igi mẹlaína àti tíìkì láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìjẹ̀bú-Igbó títí wọ apá J4 nínú igbó Ọmọ lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ó ti lé lóṣù mẹ́jọ tí mo ti gba ẹ́ńjìnnì mi lọ́wọ́ bàbá yìí, mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí n tó kọ nǹkan kan ni, torí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ lèèyàn ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ yẹn dáa. Ó ti ṣiṣẹ́ lójò, ó ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀rùn, títí di àárọ̀ yìí ìfà kẹta ló ṣì ń jí.

Stihl 070 ni tèmi, ẹ́ńjìnnì gìrìwò tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Lọ́dún tó kọjá mo wà lórí mẹlaína kan tó ti ṣubú, mo ń gé e sí ìtì ìtì, mo kàn gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíìn, igbe ẹ̀ ń ga sí i láìjẹ́ pé mo tẹ iná sí i, mo tiẹ̀ rò pé agbára ló ní, àṣé ó ń kú lọ ni. Ó há gádígádí. Mo fa okùn, okùn ò wá.

Mẹkáníìkì kan tó wà nítòsí wa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ló ní ó ti nọ́ọ̀kì, kí n mú owó písítìnì àti bulọ́ọ̀kù wá. Mo mú ₦65,000 kalẹ̀, wọ́kìmáńṣíìpù ò sí nínú ẹ̀ o. Ó pààrọ̀ ẹ̀, ó dún, a kí ara wa kú oríire. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, fíìn yẹn tún dé, ó tún há. Ó ní písítìnì tá a rà kò jẹ́ ojúlówó, kí n lọ wá owó òmíì wá, bẹ́ẹ̀ òun fúnra ẹ̀ ló bá mi rà á. Ó dùn mí wọ eegun. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni mo fi ra èyí àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń la pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló sọ fún mi pé kí n má fowó ṣòfò mọ́, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Òde. Kò sí pátákó kankan níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn o, ilé onípáànù kan ni lápá òsì téèyàn bá ń ti àárín ìlú bọ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀jìnrìn, ẹ kàn bi àwọn ọlọ́kadà léèrè bàbá tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ìgégi, wọ́n á gbé yín débẹ̀. Àwọn ṣéènì tó ti jẹ tán ni wọ́n fi kọ́ ara ògiri, òórùn epo ló máa kọ́kọ́ kí yín. Ṣùgbọ́n nǹkan tí mo kọ́kọ́ rí tí ọkàn mi balẹ̀ ni tábìlì kan tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, funfun tí ọ́ìlì ò tíì fọwọ́ bà. Orí ẹ̀ ni wọ́n ń to gbogbo nǹkan tí wọ́n bá tú sí, ìdè kéékèèké, sípíríǹgì, gbogbo ẹ̀, bí wọ́n ṣe tú u ni wọ́n ṣe ń tò ó. Ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ yẹn, inú agolo kan ṣoṣo ló da tèmi sí.

Wọn ò béèrè owó. Wọ́n ní, "Kí ló pa á?" Mo ní písítìnì ni, sà. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àbúrò, písítìnì lòkú. Mo ní kí ló pa á?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti ẹlòmíì.

Sàlẹ́ǹsà nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ tú, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò tí èéfín ń gbà jáde, wọ́n ní kí n wá wo. Mo rí písítìnì tí mo fi ₦65,000 rà, ara ẹ̀ ti họ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ibi tí ológbò ti fi èékánná ya. Wọ́n tú kábúrétọ̀ náà, wọ́n ní kí n wo ẹ̀yìn písítìnì níbi tí epo ń gbà wọlé, ibẹ̀ ń dán. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ìdọ̀tí ló gba inú fílítà wọlé, apá ibi tí epo ń gbà wọlé yìí gan-an ló máa kọ́kọ́ họ, àmọ́ tó bá jẹ́ pé apá sàlẹ́ǹsà nìkan ló họ, ooru ló pa á, àìtó ọ́ìlì tàbí afẹ́fẹ́ àpọ̀jù. Wọ́n ní ká wá ibi tí afẹ́fẹ́ yẹn ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe wá a, torí mi ò tíì rí i níbòmíì. Wọ́n gé rọ́bà inú táyà, wọ́n fi dí ihò sàlẹ́ǹsà, wọ́n dí ti kábúrétọ̀ náà, wọ́n yọ kulọ́ọ̀ṣì lápá kan, wọ́n yọ fláwíìlì lápá kejì, wọ́n wá fi pọ́ǹpù kékeré kan tó ní aago lórí fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ aago yẹn gòkè, ó dúró díẹ̀, ó wá ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n po ọṣẹ sínú omi, wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ tọ́ ọ sí gbogbo ojú ìpàdé, ìdí bulọ́ọ̀kù, ojú gásíkẹ́ẹ̀tì, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé ọ́ìlì síìlì tó wà lẹ́yìn fláwíìlì, ọṣẹ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kékeré kékeré, ó ń yọ, ó ń bẹ́, ó ń yọ. Gbogbo wa dákẹ́, a ń wò ó. Rọ́bà síìlì yẹn ti gbó, ó ti le.

Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì tú-sítíróòkù kò dà bí ti mọ́tò tó ní ibi tí ọ́ìlì ń dúró sí nísàlẹ̀, ọ́ìlì tá a pò mọ́ epo ni gbogbo ohun tó ní, inú ilé kiráńkì tó wà nísàlẹ̀ písítìnì lepo yẹn sì ń kọ́kọ́ gbà kọjá kó tó gòkè lọ jóná. Tí síìlì bá ti ń gba afẹ́fẹ́ wọlé láti ìta, epo á kéré sí afẹ́fẹ́, ọ́ìlì náà á dín kù nìyẹn, ẹ́ńjìnnì á máa ké fíìn, á máa gbóná, ẹni tó dì í mú á rò pé ó lágbára. Tẹ́ ẹ bá fi písítìnì mẹ́wàá sí i láìpààrọ̀ síìlì, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló máa jẹ. Ẹ mọ iye síìlì méjèèjì? ₦7,500. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níbẹ̀.

Awọ inú kábúrétọ̀ náà ti gan bíi bébà, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà tó ń fa epo. Àmọ́ wọ́n bá ẹ̀bi tèmi náà nínú ẹ̀, mi ò sì ní fi pamọ́. Ríǹgì ara písítìnì tó yẹ kó máa mì nínú ojú ihò ẹ̀, èédú ti lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Wọ́n bi mí pé ọ́ìlì wo ni mò ń lò, mo ní ọ́ìlì mọ́tò, èyí tó kọ 40 sára, torí òun ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ọ́ìlì mọ́tò ò sí fún kó jóná, èédú ló ń dì sídìí ríǹgì àti sẹ́nu ihò èéfín. Wọ́n tún ní kí n fi bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n hàn wọ́n. Ọmọrí ike ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, bí ojú mi bá ṣe rí i lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn. Ọ́ìlì tú-sítíróòkù tó bá kọ 50:1 sára, mílílítà 20 ló ń wọ lítà epo kan, 100 ló ń wọ kẹ́ẹ̀gì lítà 5. Tó bá kọ 25:1, 40 fún lítà kan, 200 fún lítà 5. Sìríǹjì ilé òògùn ni bàbá ní kí n rà, mo ti rà á. Ẹ da ọ́ìlì sínú epo díẹ̀, ẹ mì í, kẹ́ ẹ tó da epo yòókù lé e, kẹ́ ẹ sì tún mì í kẹ́ ẹ tó rọ ọ́ sínú ẹ́ńjìnnì nígbàkúùgbà. Pípò tó bá ti lé lóṣù kan, ẹ má rọ ọ́ sí i mọ́. Mo mọ̀ pé látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kò sẹ́ni tó fẹ́ da epo dànù, ṣùgbọ́n mo ti mọ iye písítìnì.

Nígbà tí wọ́n tò ó tán, bí wọ́n ṣe yí ìdè kábúrétọ̀ yẹn ló tún yà mí lẹ́nu. Ẹni àkọ́kọ́ máa ń yí i títí tó fi máa ké jù lọ ni, á ní ó ti lé epo jáde. Bàbá tẹ iná mọ́lẹ̀ pátá, wọ́n rọra ṣí ìdè H, èyí tó ń wọn epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, títí igbe yẹn fi nípọn, tó ń dún bí ẹni tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wà lọ́fun ẹ̀, wọ́n wá ki báà, irin gígùn tí ṣéènì ń yí lára ẹ̀, bọ inú ìtì igi, ohùn ẹ̀ là. Wọ́n ní báyẹn ló ṣe yẹ kó rí, kó nípọn lófìfo, kó là nínú igi. Ní sílóò, ìyẹn tẹ́ ẹ ò bá tẹ iná, ṣéènì ò gbọ́dọ̀ yí rárá, tó bá ń yí, ẹ má gbé e wọ igbó, ó lè gé èèyàn lẹ́sẹ̀.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọn ló pọ́n ṣéènì mi, ọmọdékùnrin kan tí kò sọ̀rọ̀. Mo ti ráhùn fún un pé ẹ́ńjìnnì mi kì í la pákó tààrà, ó máa ń wọ́ sápá kan. Kò dá mi lóhùn, ó mú ìwọ̀n kékeré kan jáde, ó wọn eyín apá òsì, ó wọn tọ̀tún, ó fi hàn mí: tòsì ti kúrú ju tọ̀tún lọ, torí ọwọ́ tó rọ̀ mí lọ́rùn ni mo máa ń fi tẹra mọ́ ọn. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gígé lẹ fi ń ṣe jù àbí lílà?" Mo ní lílà. Fáìlì mílímítà 5.5 ló fi pọ́n ọn, ó ní 10 dígíríì ni ti lílà pákó, 30 ni ti gígé ìtì, ó ń ka ìfà ẹ̀ sábẹ́ ètè, mẹ́ta mẹ́ta lórí eyín kọ̀ọ̀kan, kò fà á padà sẹ́yìn rí, iwájú nìkan. Ọjọ́ kejì tí mo dé oko, èérún tó ń já bọ́ ti le, ó gùn, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú mọ́.

Wọ́n ń ṣe maṣíìnì ìgékoríko náà, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pò ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀. Aládùúgbò mi gbé maṣíìnì ìgékoríko ẹ̀ lọ, nẹ́ẹ̀tì inú sàlẹ́ǹsà ni èédú dí, wọ́n jó o, wọ́n fọ̀ ọ́, ó gbé e lọlé lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Àwọn ibi tó kù díẹ̀ káàtó wà. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin fún mi, ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà. Bàbá kì í gbé fóònù tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ mọ́tò láti Àgọ́-Ìwòyè tí mo tún padà lọ́wọ́ òfo, ìyẹn bí mi nínú, mo sì sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò síbi téèyàn lè jókòó sí. Wọn kì í ṣí lọ́sàn-án Jímọ̀, tó bá sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ ọdún Ojúde Ọba, ẹ má wulẹ̀ lọ, bàbá wà pẹ̀lú régbérégbé wọn. Tẹ́ ẹ bá sì ń wá ẹni tó máa kàn yára fi nǹkan tuntun rọ́pò èyí tó bàjẹ́, ẹ ò ní gbádùn wọn, torí wọn ò ní fọwọ́ kan písítìnì láìfẹ́ afẹ́fẹ́ sí i wò. Wọ́kìmáńṣíìpù mi jẹ́ ₦20,000, mo san án tayọ̀tayọ̀, wọ́n sì kó gbogbo ògbólógbòó nǹkan tí wọ́n yọ sínú ọ̀rá fún mi.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tètè débẹ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ ló dáa jù. Ẹ mú báà àti ṣéènì yín dání, kẹ́ ẹ sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo tẹ́ ẹ̀ ń pò náà lọ bó ṣe wà, ẹ má fọ̀ ọ́, torí òun ni bàbá máa kọ́kọ́ ṣí gbóòórùn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.