Lichen sclerosus: kí nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró àti lẹ́yìn rẹ̀

Àìsàn awọ ojú ara yìí kì í ràn, ìdọ̀tí kọ́ ló sì ń fà á. Awọ á máa yún, pàápàá lóru, á funfun, á fẹ́lẹ́, á sì máa là.

Nígbà tí obìnrin ṣì ń rí nǹkan oṣù, ìdààmú tó ga jù ni pé wọn kì í tètè mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní kándídà (àkóràn yíìsì ní ojú ara) ni, wọ́n á kọ oògùn rẹ̀ léraléra, yíyún ò sì ní lọ. Ó dùn mí gan-an pé ọ̀pọ̀ ń fi ọdún gbé e mọ́ra. Páàdì tó ń ha ni lára tún máa ń dá kún un.

Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, estrogen, hòmóònù obìnrin, á dínkù, ojú ara á gbẹ, ìbálòpọ̀ á sì máa dunni. Ìpara estrogen ń tọ́jú gbígbẹ yẹn. Kò tọ́jú lichen sclerosus. Ẹni tó ní méjèèjì lè nílò ìpara méjèèjì.

Clobetasol 0.05%, ìpara steroid fún lichen sclerosus, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́: lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4, kí ẹ lò ó lọ́jọ́ kan, kí ẹ fo ọjọ́ kejì, fún ọ̀sẹ̀ 4, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró nítorí pé yíyún ti lọ. Ẹ pa ọṣẹ olóòórùn tì ní ibẹ̀.

Ewu jẹjẹrẹ kéré, àmọ́ ó wà, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Egbò tí kò jinná tàbí kókó tuntun: ẹ fi han dókítà kíákíá.