Debian lórí ẹ̀rọ sáfà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Àjàṣẹ́, láti ẹ̀dà 7 dé ẹ̀dà 13

Láti ọdún 2013 ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀rọ sáfà (kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀) kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí di òní, Debian nìkan ni ètò ìpìlẹ̀ tí ó ń darí ẹ̀rọ náà. Nínú ìgbésẹ̀ mẹ́fà tí ó wà láàárín ẹ̀dà 7 àti ẹ̀dà 13, márùn-ún ni mo gbé lórí ẹ̀rọ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé a pààrọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti bi mí léèrè bóyá ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ tiwọn náà lò ó, mo sì rò pé ọdún méjìlá tó fún ènìyàn láti dáhùn.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kò pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Lórí rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ń kọ máàkì sí, láti orí rẹ̀ ni akọ̀wé ti ń tẹ ìwé èsì jáde, òun náà ni ó sì gbé Moodle, ìkànnì ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ tí wọ́n ń múra BEPC (ìdánwò ìparí kọ́lẹ́ẹ̀jì) sílẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Yàrá akọ̀wé ni a gbé e sí, a sì so ó mọ́ wáyà inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kí iṣẹ́ máàkì má baà dúró bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Ojú ìwé tí àwọn òbí ń wò láti ilé wà lórí sáfà kejì, àyè kékeré kan tí a ti ń yá láti ọdún 2016 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé. Debian náà ni mo fi sí i, kí ó lè jẹ́ pé ohun tí mo bá kọ́ lára ọ̀kan ni n ó fi tọ́jú èkejì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn nínú Debian ni ìṣètò ọjọ́ rẹ̀. Ian Murdock ni ó dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan tí ó ni ín. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri ayé ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, a kì í sì í san owó kankan kí a tó lò ó. Nǹkan bí ọdún méjì-méjì ni ẹ̀dà tuntun ń jáde. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ń rí àtúnṣe ààbò gbà fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ mìíràn yóò fi ọdún méjì kún un. Fún ilé ẹ̀kọ́, èyí jẹ́ kí a lè fi iṣẹ́ ìgbéga (gbígbé ẹ̀rọ láti ẹ̀dà kan lọ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e) sí inú ìsinmi gígùn, nígbà tí kò sí ọmọ nínú kíláàsì, tí kò sì sí olùkọ́ tí ó ń wá máàkì. Láàárín ìsinmi kan sí èkejì, ètò kékeré kan tí ó ń jẹ́ unattended-upgrades ń fa àtúnṣe ààbò wá fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń dé ìdí ẹ̀rọ náà, láti wo iye àyè tí ó kù lórí dísíìkì àti láti yẹ àdàkọ ìpamọ́ wò.

Ìgbéga àkọ́kọ́ ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ. Debian 8 jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, mo tẹ àṣẹ ìgbéga láìka ìwé àlàyé kankan. Nígbà tí ẹ̀rọ tún dìde, ìkànnì máàkì ti pòórá. Apache, ètò tí ń gbé ojú ìwé ìkànnì síta, ti kúrò ní ẹ̀dà 2.2, ó ti di 2.4, bí Debian sì ṣe tò ó nísinsìnyí, kì í ka fáìlì ìlànà ìkànnì tí orúkọ rẹ̀ kò bá parí sí .conf, tiwa kò sì ní ìrù yẹn. Mo yí orúkọ fáìlì padà, Apache sì rí ìkànnì wa, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Inú fódà /srv ni mo kó ojú ìwé wa sí, Debian 8 sì ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ Apache, àfi ti /var/www àti ti /usr/share. Ìlà kan ṣoṣo, Require all granted, ni ó ṣí i. Màmá akọ̀wé wa, tí ó ti jókòó tì mí láti àárọ̀ nítorí ìwé èsì tí kò tíì tẹ̀ tán, kò bínú rárá, ohun tí ó bi mí ni pé: «Olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn tí wọ́n ṣe é kò kọ ọ́ síbì kan ni?» Wọ́n ti kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tí a tì yẹn wà nínú fáìlì ìlànà Apache fúnra rẹ̀, lókè ìlà tí mo ń wá.

Láti ọjọ́ náà, n kì í bẹ̀rẹ̀ ìgbéga kankan kí n tó tẹ ìwé àlàyé ìgbéga náà sórí bébà, kí n sì kà á tán pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ó wà ní èdè Faransé, èyí tí ó ṣe pàtàkì fún wa níhìn-ín, nítorí pé ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ tí mo ń kọ́ ní iṣẹ́ náà lè kà á láìsí ògbufọ̀.

Ìgbéga sí Debian 9 ní ọdún 2017 ni ó gba agbára wa jù, ṣùgbọ́n n kò lè dá Debian lẹ́bi. PHP 7.0, èdè tí a fi kọ ètò máàkì wa, ni ó bá a wá, PHP 7 sì ti yọ gbogbo àṣẹ tí a fi ń bá àká dátà sọ̀rọ̀, tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mysql_, kúrò, bẹ́ẹ̀ láti PHP 5.5 ni ìkìlọ̀ ti wà lórí wọn. Ètò máàkì wa, tí olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì kọ sílẹ̀, kún fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Odidi ìsinmi ni mo fi tún wọn kọ pẹ̀lú PDO, ọ̀nà tuntun tí PHP fi ń bá àká dátà sọ̀rọ̀, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Inú mi dùn pé a fi ipá mú mi ṣe é. Àwọn àṣẹ àtijọ́ yẹn kò mọ bí a ṣe ń ya ohun tí olùlò tẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ tí àká dátà ń gbọ́, nítorí náà ọmọ tí ó bá gbọ́n díẹ̀ ìbá lè ti inú àpótí tí a ń kọ orúkọ sí yí máàkì ara rẹ̀ padà. Nínú ìgbéga kan náà, àká dátà tí ó ń jẹ́ MariaDB gba ipò MySQL, dátà wa sì bọ́ sínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Debian 10 kọjá ní alẹ́ kan. Ní ọdún 2021 ni a pààrọ̀ ẹ̀rọ inú ọgbà, a sì to Debian 11 sórí tuntun. Lórí sáfà tí a yá, ohun kan ṣoṣo tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé orúkọ ibi tí àtúnṣe ààbò ti ń wá yí padà, láti buster/updates sí bullseye-security (buster ni orúkọ ẹ̀dà 10, bullseye sì ni ti ẹ̀dà 11). Ẹni tí kò bá yí i padà kò ní rí àtúnṣe gbà. Ní ti ìwé ẹ̀rí HTTPS, èyí tí ń dáàbò bo ohun tí àwọn òbí ń wò lórí ìkànnì, ti Let's Encrypt ni a ń lò, ọ̀fẹ́ ni, ọjọ́ 90 ni ó sì ń lò kí ó tó parí. Ètò Certbot, tí ó ti wà lára àwọn ètò inú Debian láti ẹ̀dà 9, ni ó ń tún un gbà fún wa.

Àléébù tí mo rí lára Debian ni pé àwọn ètò inú rẹ̀ máa ń gbó. Bí ẹ̀dà kan bá ti jáde, ojú kan ni PHP rẹ̀ yóò wà títí ẹ̀dà mìíràn yóò fi dé. Nígbà tí Moodle 4.2 jáde ní ọdún 2023 tí ó ní òun kò gba ohun tí ó kéré sí PHP 8.0, PHP 7.4 ni ó wà nínú Debian 11, a sì dúró sórí Moodle 4.1 títí a fi gbé ẹ̀rọ lọ sí Debian 12. Ilé ẹ̀kọ́ girama lè fara da irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ ètò tuntun lójoojúmọ́ lè má fara dà á.

Debian 13 jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2025. Mo dúró de 13.1, àtúnṣe àkọ́kọ́ rẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án, mo sì gbé e kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e mọ̀. Àkọ́kọ́, kò sí bí a ṣe lè tò ó sórí ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó jẹ́ 32-bit mọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àlòkù tí wọ́n fi ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ sì jẹ́ irú rẹ̀. Ẹ yẹ tiyín wò ná. Èkejì, inú mẹ́mórì ni fódà /tmp, tí a ń kó fáìlì ìgbà díẹ̀ sí, wà báyìí, ó sì lè gbà tó ìdajì rẹ̀. Gígábáìtì 4 péré ni mẹ́mórì wa, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni fídíò tí olùkọ́ bá ń gbé sórí Moodle ti ń kọ́kọ́ balẹ̀. Àṣẹ systemctl mask tmp.mount ni mo fi dá a padà sórí dísíìkì.

Debian kò gba owó wa. Iná àti eruku ọyẹ́ ni wọ́n ń gbà á. Dísíìkì méjì ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wa nígbà tí iná lọ lójijì, kí a tó ra bátìrì tí ń gbé ẹ̀rọ ró. Àdàkọ ìpamọ́ tí a ń gbé lọ sí ibòmíràn ní alaalẹ́ ni kò jẹ́ kí máàkì ọmọ kankan sọnù.

Mo gba ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ní olùkọ́ kan péré tí ó ní sùúrù láti kàwé níyànjú pé kí ó lò ó. Ẹni tí ó bá wà lórí Debian 12 kò ní láti sáré, nítorí pé àtúnṣe ààbò rẹ̀ yóò máa bọ̀ títí di oṣù kẹfà ọdún 2028. Ẹni tí ó bá ṣì wà lórí 10 ni kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìsinmi tí ń bọ̀ yìí: kí ó ṣe àdàkọ ìpamọ́, kí ó lọ sí 11, kí ó dán gbogbo ojú ìwé rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà kí ó tó lọ sí 12, nítorí pé Debian kò fàyè gba fífo ẹ̀dà kan kọjá.