Ìwé pẹlẹbẹ kan lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọdún Àjíǹde
Ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kan l'Ágbádárìgì ni mo ti ra ìwé pẹlẹbẹ yìí, èyí tó ní ọ̀dọ̀ àwọn abọ̀rìṣà ni ọdún Àjíǹde ti ṣẹ̀ wá. Bede, àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ̀wé ní ọdún 725 pé oṣù ọdún náà jẹ́ orúkọ òrìṣà obìnrin kan, Eostre, ni òǹkọ̀wé fẹ̀yìn tì; ṣùgbọ́n orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà, Easter, nìkan nìyẹn kàn, nítorí inú Pesach, ìyẹn ọdún Ìrékọjá àwọn Júù, ni Pâques tí àwọn aládùúgbò wa ní Kútọnu ń pè é ní èdè Faransé ti wá. Ibi tó kàn mí jù ni Ìrékọjá: ó ṣeé ṣe kí ọ̀dọ́ àgùntàn àwọn darandaran àti àkàrà aláìwú àwọn ọlọ́kà báálì ti jẹ́ ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin já nínú tèmi, ọlọ́jà kò sì gbà á padà.