Sáílẹ́ńsà fún ráífù .22: kí alágbẹ̀dẹ ìbọn gbẹ́ síkúrù sẹ́nu ti àtijọ́, àbí kí ẹ ra tuntun?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ní ráífù .22 nílé fún ọ̀kẹ́rẹ́ àti ehoro, tí ariwo rẹ̀ sì ti sú ẹ̀yin àti aládùúgbò, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti lo sáílẹ́ńsà, ìyẹn ohun èlò tó ń dín ariwo ìbọn kù, tí a sábà máa ń yí mọ́ síkúrù ẹnu ọ̀pá: kí alágbẹ̀dẹ ìbọn gbẹ́ síkúrù sẹ́nu ráífù tí ẹ ti ní, kí ẹ ra èyí tí ilé-iṣẹ́ ti gbẹ́ síkúrù sí láti ibẹ̀ wá, tàbí kí ẹ ra èyí tí sáílẹ́ńsà wà lára ọ̀pá rẹ̀ gan-an. Mo ní méjì àkọ́kọ́ nílé. Ìkẹta, ti ọ̀rẹ́ mi ni mo fi yìn.

Kí n tètè yanjú ọ̀rọ̀ òfin. Ìpínlẹ̀ 8 ni kò gba aráàlú láyè láti ní sáílẹ́ńsà rárá: California, New York, New Jersey, Illinois, Massachusetts, Delaware, Hawaii àti Rhode Island. Bí ibẹ̀ lẹ bá ń gbé, ọ̀rọ̀ parí. Níbòmíràn, ẹ ó rà á lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Form 4, ẹ ó tẹ ìka, ẹ ó fi fọ́tò sí i, ẹ ó sì dúró de ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn. Owó orí $200 tí wọ́n ti ń gbà láti 1934 di $0 ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, àmọ́ ìforúkọsílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ gbọin. Sáílẹ́ńsà ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ o. Ìjọba àpapọ̀ kò béèrè fọ́ọ̀mù kankan nítorí pé ẹ gbẹ́ síkúrù sẹ́nu ráífù yín. Ẹ̀yin tí ẹ wọlé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà ìgbà díẹ̀ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà. Yàtọ̀ sí àwọn àyè díẹ̀ bí ìwé àṣẹ ọdẹ, òfin kò tilẹ̀ gbà kí ẹ fọwọ́ kan ìbọn.

Ó wá ku ohun tó ná mi lówó: ṣé síkúrù náà bá ihò ọ̀pá mu?

Lọ́dún 2021, mo san $200 tèmi, mo sì dúró fún oṣù mẹ́wàá gbáko kí ìwé tó dé. Láàárín ìgbà yẹn ni mo gbé ráífù àtijọ́ mi lọ fún ẹnìkan tó ní òun á bá mi gbẹ́ síkúrù sí i ní $60. Gbogbo àwọn tó kù ń pe ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, inú mi sì dùn pé mo rí ọjà pọ́ọ́kú. Ẹni tó ra ọ̀pọ̀ ẹran ni yóò jẹ eegun. Síkúrù náà dán, ó wọlé dáadáa, ojú kò rí àbùkù kankan. Nígbà tí sáílẹ́ńsà dé, mo dè é mọ́ ọn, mo yìn ín. Ọta kìíní lọ, ìkejì lọ. Ìkẹta dún bí ẹni fi irin na irin, pépà tí mò ń yìn sì fàya bíi pé ọta gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ihò inú ọ̀pá ìbọn kì í fi gbogbo ìgbà wà ní àárín gbùngbùn ara ọ̀pá, pàápàá lára ráífù .22 olówó kékeré. Oníṣẹ́ tó bá wo ara ọ̀pá lóde láti wá àárín yóò gbẹ́ síkúrù tó bá òde mu, tí kò bá ihò mu. Ìyàtọ̀ tín-ín-rín lẹ́nu ọ̀pá a máa di ńlá níwájú sáílẹ́ńsà. Ọta á wá gbá etí àwọn abọ́ kéékèèké tí wọ́n tò sínú rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní báfù.

Ẹ lè ní kí n ra báfù mìíràn kí n pààrọ̀ rẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Lójú òfin, báfù kan péré, sáílẹ́ńsà ni. Ẹ ò lè tọ́jú èyí tó lé sílé. Mo ní láti dá a padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n sì sọ pé ẹ̀bi ẹnu ìbọn ni, kì í ṣe tiwọn, nítorí náà èmi ni mo sanwó àtúnṣe. Ọ̀sẹ̀ méje ló tún gbà. Ẹni tó gba $60 mi kò gbé fóònù mọ́.

Alágbẹ̀dẹ kejì gba $140. Kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan, ó ti irin tóóró kan bọ inú ihò ọ̀pá, ó gbé e sórí lèètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin po kí wọ́n lè gbẹ́ ẹ, ó ní kí n wá wo bí ara ọ̀pá ṣe ń mì nígbà tí ihò dúró jẹ́ẹ́. Ó gé síkúrù burúkú náà dànù, ó tún etí ihò tí ọta ń gbà jáde ṣe, ó wá gbẹ́ tuntun. Ọ̀pá mi gùn, ẹ̀rù kò bà mí. Ṣùgbọ́n bí tiyín bá sún mọ́ ínǹṣì 16, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e kọjá ibẹ̀, nítorí ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó 16 ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nítorí náà, ẹ bi alágbẹ̀dẹ pé: ihò lẹ fi ń wá àárín ni, àbí òde? Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè yìí, ẹ gbé ìbọn yín, ẹ máa lọ. Ẹ wò ó pẹ̀lú pé ó ní FFL, ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ìbọn, bí ìbọn bá máa sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ́ síkúrù 1/2x28 (ìdajì ínǹṣì ní fífẹ̀, eyín 28 nínú ínǹṣì kan), èyí tí ọ̀pọ̀ sáílẹ́ńsà .22 ń lò níbí. Tí ráífù bá wá láti Yúróòpù pẹ̀lú 1/2x20, fífẹ̀ wọn bára mu, nítorí náà yóò kọ́kọ́ wọlé díẹ̀ kó tó há. Ẹ má fipá yí i.

Èyí tí ilé-iṣẹ́ gbẹ́ ńkọ́? Ó rọrùn. Ráífù CZ 457 mi dé pẹ̀lú 1/2x28, mo de sáílẹ́ńsà mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó ní ráífù Ruger 10/22 tilẹ̀ lè pààrọ̀ ọ̀pá fúnra rẹ̀, síkúrù méjì ló dì í mú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lè wọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò pè yín wá wo lèètì. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ yọ ọta kúrò, ẹ ti irin àyẹ̀wò gba inú ọ̀pá títí dé iwájú sáílẹ́ńsà, kí ẹ wò ó bóyá ó wà láàárín.

Èyí tó wà lára ọ̀pá: ó kúrú, ó dákẹ́ dáadáa, ìbọn kan ṣoṣo ló sì wúlò fún. Ó tán.

Ti ariwo, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba tí ọta yín kò bá sáré ju ohùn lọ, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 1,125 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta .17 HMR ń sáré ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, á ṣì pariwo lójú ọ̀nà. Ti ìmọ́tótó, òjé .22 dọ̀tí gan-an, ẹ ra sáílẹ́ńsà tó ṣeé tú.

Ẹni tí kò ní ráífù rárá, kó ra èyí tó ti ní síkúrù, kò sí wàhálà. Ẹni tó ní ti àtijọ́ tó ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, tó sì rí alágbẹ̀dẹ tó ń ti irin bọ ihò, òun náà kò ṣìnà. CZ mi wà nínú àpótí, ó dára gan-an. Ti àtijọ́ ni mo gbé jáde láàárọ̀ yìí.