Ìkìlọ̀: Kúlà olómi àlòkù tí wọ́n ń dì bíi tuntun ní Computer Village

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra kúlà olómi, ìyẹn ohun tó ń fi omi gbé ooru kúrò lára CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), fún kọ̀ǹpútà yín ní Computer Village, Ìkẹjà, tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó lórí WhatsApp pé Ìkẹjà làwọn wà, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Àwọn kan ń kó kúlà àlòkù tí pọ́ǹpù tó ń ti omi rẹ̀ kiri ti ń kú lọ, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń fi ọ̀rá tuntun dì í, iye tuntun ni wọ́n sì ń gbà. Ìyẹn nìkan kọ́ ló jẹ́ kí n kọ ọ́, torí ta ni kò mọ̀ pé irú ẹ̀ wà lọ́jà? Èyí tó burú jù ni pé àwáwí ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó padà dé ṣọ́ọ̀bù: "Ọ̀gá mi, ẹ ò mọ̀ ọ́n fi ni." Ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń gbà bẹ́ẹ̀, torí kúlà yìí kì í ṣe ohun téèyàn ń fi lójoojúmọ́.

Àbúrò mi kan tó ń ṣe fídíò ìnáwó ni wọ́n ṣe é fún lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ó ra oní-240, ìyẹn èyí tí rédíétọ̀ rẹ̀ (ibi tí omi ti ń tutù) gba fáànù méjì, fún CPU Intel ìran kejìlá. Wọ́n ní tuntun ni, inú ọ̀rá ló sì wà lóòótọ́. Nígbà tó délé, kò rí irin ìdè tó bá motherboard rẹ̀ (pátákó ńlá tí CPU ń jókòó lé) mu nínú páálí. Ó pè wọ́n, wọ́n ní kó wá san owó irin lọ́tọ̀. Ó san án.

Ọ̀rọ̀ irin yẹn gan-an ni àmì àkọ́kọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA1700, ojú tí CPU Intel ìran kejìlá ń wọ̀ sí lórí motherboard, jáde ní 2021. Mìlímítà 78 ni ihò rẹ̀ kan sí èkejì, 75 sì ni ti LGA1200 àti ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà irin àtijọ́ kì í wọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ. Kúlà tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà náà sábà máa ń ní irin LGA1700 nínú páálí. Bí ẹ ò bá rí i nínú páálí "tuntun", yálà ọjà náà ti pẹ́ gan-an lórí igbá, tàbí ẹnìkan ti lò ó rí, irin rẹ̀ sì ti sọnù. Kò sí èyí tó yẹ kí ẹ san owó tuntun fún nínú méjèèjì, torí omi inú kúlà wọ̀nyí máa ń gba ara rọ́bà jáde díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, kódà bí ibì kankan ò bá jò.

Bí àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí fídíò, ooru CPU kọjá 95 °C, ẹ̀rọ náà sì ń falẹ̀. Bí CPU rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ 100 °C, á dín iyára ara rẹ̀ kù kó má baà bàjẹ́. Ó gbé e padà. Wọ́n ní kò fi pásítì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi sáàárín CPU àti kúlà kí ooru lè kọjá, dáadáa. Wọ́n tún un fi, wọ́n gba owó iṣẹ́, kò yí padà. Ó tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní Nàìjíríà ló gbóná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Nàìjíríà yẹn kúrò nílẹ̀. Lóòótọ́, kúlà olómi kò lè mú CPU tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Bí yàrá bá fi 10 °C gbóná sí i, CPU náà á fi nǹkan bíi 10 °C gbóná sí i, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn Èkó kọ́ ló máa gbé ẹ̀rọ tó jókòó láìṣe nǹkan kan, tó yẹ kó wà ní 40 tàbí 50, dé 95. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún yín mọ ohun tó tà.

Ti "ẹ ò mọ̀ ọ́n fi" ló gba àlàyé, torí ó máa ń jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn. Àwọn kan kì í ṣí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo bàbà ìdí kúlà kúrò. Àwọn mìíràn á de síkúrù ẹ̀gbẹ́ kan le koko kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìkejì, bàbà náà á wá fì sápá kan. Wáyà pọ́ǹpù ńkọ́? Ojú tí wọ́n kọ AIO_PUMP sí lára motherboard ni kó wà, tàbí CPU_FAN bí motherboard yín kò bá ní in, kí ẹ sì yí ojú náà sí iná kíkún nínú BIOS, ìyẹn ojú ìṣètò tí ẹ ń wọ̀ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ. Bó bá wà lójú fáànù lásán tí BIOS ń dín agbára rẹ̀ kù, pọ́ǹpù á máa rá pálá. Ẹ wo gbogbo èyí fínnífínní kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni jà.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ yín ni ẹ máa fi mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ wọ inú BIOS, ẹ máa wo ooru CPU. Bí ooru bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láìsí iṣẹ́ kankan, tó kọjá 70 tí kò dúró, ẹ fọwọ́ kan orí pọ́ǹpù àti ìdí rọ́bà tó jáde lára rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbóná janjan, tí rédíétọ̀ sì tutù bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, omi ò rìn. Pọ́ǹpù ti kú nìyẹn, tàbí ìdọ̀tí ti dí àwọn ojú tín-ín-rín inú bàbà. Kò sí pásítì tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ti ìfisí yàtọ̀. Tí bàbà kò bá fara kan CPU dáadáa, ooru á fò dé 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, á sì já wálẹ̀ gẹ́rẹ́ tí iṣẹ́ bá dúró, síbẹ̀ orí pọ́ǹpù, rọ́bà àti rédíétọ̀ á tutù. Bó bá jẹ́ èyí lẹ rí, ẹ tún un fi, ẹ má dá ọlọ́jà lẹ́bi. Kúlà tó yè kooro ní tirẹ̀, bó bá ti ṣiṣẹ́ gidi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, rọ́bà méjèèjì á lọ́ wọ́ọ́rọ́ láìsí ìyàtọ̀ tó tó nǹkan, afẹ́fẹ́ tó gbóná á sì máa jáde lára rédíétọ̀.

Ẹ má kàn gba nọ́ńbà tí BIOS kọ pé pọ́ǹpù ń yí gbọ́ o. Ti àbúrò mi ń yí pé pérépéré, òun sì ni wọ́n ń fi hàn wá ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ tutù nini. Ariwo kan tún wà níbẹ̀, bí omi tó ń hó nínú ìkòkò. Kúlà tuntun lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ń wá ibi tó máa gbé. Ó tún lè máa ṣe é tí pọ́ǹpù bá ga ju rédíétọ̀ lọ, torí òkè ni afẹ́fẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n bí rédíétọ̀ bá wà lókè àpótí tí ariwo kò sì lọ, ó ṣeé ṣe kí omi inú rẹ̀ ti dín kù.

Nígbà tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀ láti dá owó padà, a ṣí i. Omi pípọ́n pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló jáde, ojú síkúrù tó dí ihò ìbu-omi sì ti họ, ìyẹn ni pé ẹnìkan ti ṣí i rí, ó sì ti bu omi kún un. Bàbà ni ìdí kúlà, aluminiomu ni rédíétọ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Bí omi tí kò ní oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà bá pa àwọn méjèèjì pọ̀, aluminiomu á máa jẹ. Pure water ò pure tó fún iṣẹ́ yìí.

Àwọn tó ń ṣe kúlà náà máa ń ṣe àṣìṣe, ìyẹn ò sí lára jìbìtì. Ní 2022, Arctic, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe kúlà, fúnra rẹ̀ kéde pé gásíkẹ́ẹ̀tì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi jò) inú àwọn kan lára kúlà rẹ̀ tó ń jẹ́ Liquid Freezer II ní àléébù, ó sì ń fi ohun àtúnṣe ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Bí ẹ bá rí i ní tòkúnbọ̀, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Èmi ò bá tòkúnbọ̀ jà, bí wọ́n bá ti pè é ní tòkúnbọ̀ tí wọ́n sì gba owó tòkúnbọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n tú u lójú yín, ọ̀rá tuntun kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. Pásítì tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀ máa ń rí dọ́gba-dọ́gba. Bí kò bá sí pásítì, ó yẹ kí ọ̀rá wà lórí bàbà, kó máa dán, láìní ojú ibi tí CPU kan ti jókòó rí. Ẹ tan iná fóònù sí àárín ewé rédíétọ̀: eruku kì í wọ inú ohun tí afẹ́fẹ́ ò tíì fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fi sérà nọ́ńbà ara páálí wé ti ara kúlà. Ẹ ní kí wọ́n kọ "tuntun" àti nọ́ńbà náà sórí rìsíìtì. Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe "ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀" dípò kí wọ́n kọ ọ́, ẹ máa lọ.

Bí ẹ kò bá sì ní iṣẹ́ tó wúwo, ẹ ra kúlà onífáànù lásán. Kò ní pọ́ǹpù, kò ní omi tó ń rìn kiri, fáànù ló sábà máa ń bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ ó sì rí fáànù mìíràn rà.

Ẹni tí wọ́n ti lù ní jìbìtì, ẹ ya fídíò àyẹ̀wò ọwọ́ tí mo sọ yẹn kí ẹ tó gbé e padà, kí ooru àti rédíétọ̀ hàn nínú fídíò kan náà. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àléébù padà, ohun yòówù kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nípa "no refund". CAPDAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà, wà ní ọjà náà. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ẹ kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà. Bí wọ́n bá sì ní àwọn máa fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀ fún yín, owó ni kí ẹ gbà. Orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n ti máa mú òmíràn yẹn wá.