Ilé tàtúù tí mo lọ ní Yaba: owó àsansílẹ̀ mi, etí mi, àti mandala tó wà lápá mi

“Àǹtí, owó yín ti jóná.” Bí ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì àbáwọlé ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. ₦30,000 ni mo san sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní òfin wọn ni pé ẹni tí kò bá padà wá láàárín 60 ọjọ́ ti pàdánù owó rẹ̀, ó wá nàka sí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, níbi tí ilẹ̀kùn máa ń bò mọ́lẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣí i. Mo ní ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà gan-an, tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ló ní kí n má padà wá títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Ó ní, “Ìyẹn wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì.” Inú bí mi débi pé ohùn mi ń gbọ̀n. Ṣé ilé iṣẹ́ méjì ló wà nínú ilé kan ni?

Oṣù mẹ́ta yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, àyà ni mo fẹ́ kí wọ́n fín in sí, láàárín ọmú méjèèjì. Àwòrán tí mo fẹ́, ìyẹn mandala, àwòrán róbótó kan, wà lórí fóònù mi, mo sì nà án sí oníṣẹ́ náà. Kò gbà á. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bá mi ká irun yín kúrò létí.” Létí mi òsì, níbi tí mo ti lu ihò kejì nígbà tí mo wà níléèwé, àpá kan wà tó wú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní keloid. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó béèrè bóyá ó ṣì ń tóbi sí i, ó béèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ní irú rẹ̀. (Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní i, lágbọ̀n.) Ó wá ní, “Àyà kọ́, ma. Èjìká náà kọ́.”

Ó ṣàlàyé fún mi pé ara àwa aláwọ̀ dúdú ni irú àpá yìí ti wọ́pọ̀ jù, àti pé etí, àyà, èjìká àti òkè ẹ̀yìn ló ti máa ń yọ jù. Ọgbẹ́ ni tàtúù: abẹ́rẹ́ máa ń kọjá awọ òkè wọ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé ibì kan lára kò ní wú láéláé. Ó fi abẹ́rẹ́ tó àmì tíńtín díẹ̀ sápá mi, ó ní kí n máa lọ, kí n fojú sí i, torí àpá yẹn lè pẹ́ kó tó jáde. Kò gbowó kankan lé e. Mo ti jókòó lọ́dọ̀ àwọn tó ń lu etí, mo ti jókòó lọ́dọ̀ àwọn tó ń fín nǹkan sára, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nípa etí yìí rí. Orí mi wú lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wo àwòrán mi. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù àti Búdà ló ni mandala. Ní Tibet, àwọn mọ́ńkì máa ń fi iyanrìn aláràbarà to ó sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, tó bá parí, wọ́n á gbá a jọ, wọ́n á dà á sómi. Mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ àwòrán òrìṣà wọn, mi ò sì fẹ́ lẹ́tà àdúrà wọn, torí ohun mímọ́ ẹlòmíì nìyẹn. Ètò rẹ̀ ni mo fẹ́, bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń ti àárín kan yọ jáde. Ó mú rúlà. Èyí tí mo gbé wá kún fún ìlà wínníwínní, mo sì fẹ́ kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 péré. Ó ní ìlà inú ara kì í dúró bí wọ́n ṣe fà á. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó bá sì sún mọ́ra jù á wọnú ara wọn. A mú un lọ sí sẹ̀ǹtímítà 9, a sì dín in kù sí ewé òdòdó 8. Ó ní ká má lo àwọ̀ eérú, torí íǹkì á wà lábẹ́ dúdú ara mi, inú dúdú yẹn la ó sì máa gbà wò ó. Dúdú kirikiri ni ká lò, kó fi àmì tíńtín-tíńtín ṣe òjìji rẹ̀, kí àyè gidi sì wà tí íǹkì ò ní kàn. Àwọn fọ́tò tó fi hàn mí, apá àwọn èèyàn tó dúdú bí èmi ni, tó ti jinná pátápátá. Ẹ béèrè irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi apá òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba íǹkì tàn yín.

Ìyá mi àgbà ní kóló lápá, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ wá sọ fún mi pé ara fínfín kì í ṣe tiwa.

Ká padà sórí owó. Oníṣẹ́ náà gbọ́ ariwo, ó jáde, ó ní, “Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró.” Ọmọbìnrin yìí ní ọ̀gá ló ṣòfin, kì í ṣe òun. Wọ́n pe ọ̀gá lórí fóònù. Ọ̀gá ní kí wọ́n yọ ₦15,000 nínú owó iṣẹ́ mi, kí ₦15,000 tó kù jóná. Kò sẹ́ni tó ní “ẹ má bínú” nínú gbogbo wọn, àfi oníṣẹ́ yẹn. Díẹ̀ ló kù kí n bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Àmọ́ mo wo apá mi, àwọn àmì tíńtín yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí èyí tó wú nínú wọn. Mo wọlé.

Ọmọ iṣẹ́ kan ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó gbé apá mi lé ìrọ̀rí, ó lẹ bébà tó ní àwòrán mọ́ ọn, ó sì ṣí i. Róbótó ni. Mo dìde síwájú dígí, mo jẹ́ kí apá mi rọ̀, ó ti gùn bí ẹyin. Ó ní, “Bí ara ṣe ń ṣe nìyẹn, ma, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.” Ibẹ̀ ni oníṣẹ́ náà wọlé. Kò pariwo. Ó mú sípírítì, ó nu gbogbo rẹ̀ dànù, ó ní, “Orí bẹ́ẹ̀dì kọ́ ni wọ́n á ti máa gbé apá yìí kiri.” Ó ní kí n dúró, kí n mi èjìká, kí n wo iwájú bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Ó ní kí n ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí n dà á délẹ̀, ó ń fi bírò sàmì sí bí awọ ṣe ń rìn. Lẹ́bàá ọrùn ọwọ́, àmì yẹn yí lọ pátápátá. Lẹ́bàá ìgúnpá, bóyá ló mira. Ó wá gbé mandala náà gòkè sísàlẹ̀ ìgúnpá, ní ẹ̀yìn apá. Ó lẹ̀ ẹ́, ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún nù ún. Àwọn èèyàn jókòó níta tí wọ́n ń dúró dè é, síbẹ̀ kò kánjú. Ó pe ọmọ iṣẹ́ yẹn pé kó fọwọ́ kàn án, kó rí bí awọ ṣe ń fà. Gbogbo ìbínú tí mo gbé wọlé tán lára mi.

Abẹ́rẹ́ tuntun ló já lójú mi, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ náà nígbà tó fọwọ́ kan iná tó fi ń ríran. Ó dùn mí, pàápàá nítòsí egungun. Ó ti jinná báyìí, kò wú, ìlà rẹ̀ mú, kò sì gùn bó ti wù kí n yí apá.

Tí ẹ bá ń lọ, tí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sórí rìsíìtì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó sanwó. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá wọn lórí WhatsApp nípa ₦15,000 mi. Ó ti kà á, kò fèsì.

Máàkì: 5 nínú 5.